Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gbé Eré Sórí Ìtàgé

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré tuntun ní Ìbàdàn ni ó ń ná owó ìdánrawò sórí ohun tí òǹwòran lè fi ojú inú rí bí òṣèré bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí pé owó náà kì í mú kí eré sàn sí i.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kíkọ́ ilé sórí ìtàgé kí òṣèré tó mọ eré. Olùdarí kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè Mọ́kọ́lá pe káfíńtà kí ó tó pe òṣèré. Ó ra pákó, ó ra ọ̀dà, ó ṣe ilẹ̀kùn ààfin tí ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn yóò fi parí, kò sí owó ọkọ̀ tí àwọn òṣèré yóò fi máa wá sí ìdánrawò mọ́. Ní alẹ́ eré, ọba gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó gbà pé ọba ni, nítorí pé àwọn ìjòyè kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí àwọn dọ̀bálẹ̀. Ìṣesí àwọn tí ó yí ènìyàn ká ni ó ń sọ ọ́ di ọba lórí ìtàgé, kì í ṣe pákó. Àwọn eégún aláàrìnjó, òṣèré ayé àtijọ́ tí ń ṣeré láti ìlú dé ìlú, kò gbé ààfin kiri. Agbo òǹwòran ni ìtàgé wọn, apidán a sì wọ inú aṣọ, a di òjòlá tàbí ọ̀nì, nítorí pé ó ti fara balẹ̀ kọ́ bí ẹranko náà ṣe ń rìn. Èmi kò sọ pé ọnà ìtàgé kò wúlò. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà, ṣe ọnà ìtàgé fún Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ti ń ṣeré káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ṣe é fún.

Èkejì ni fífi ojú kékeré wo eré ọmọdé. Bí àgbàlagbà bá ṣe ẹkùn mẹ́ran tọkàntọkàn, tí ewúrẹ́ wà láàárín agbo, tí ẹkùn ń wá ọ̀nà wọlé, ara yóò kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ẹlòmíràn, etí yóò sì máa bá orin lọ. Ṣùgbọ́n orí àga ni àwọn ẹgbẹ́ tuntun máa ń jókòó sí, tí wọn yóò máa ka ìwé eré títí ọjọ́ eré yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ má ra ohun ìlò tí kò ní í kúrò lórí tábìlì. Ẹ má sì háyà iná aláwọ̀ púpọ̀ fún eré tí ohùn òṣèré rẹ̀ kò dé ìjókòó ẹ̀yìn.

Àwọn kan tún gbà pé bí kò bá ti sí ohun ìlò, ohun tí ó bá wu ọwọ́ ni ó lè máa ṣe. Ojú inú ní òfin. Bí òṣèré kan bá ti ṣí ilẹ̀kùn ní apá òsì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba inú ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìyá bá gbé igbá emu tí a kò rí, kí a mọ bí ó ti tóbi tó àti bí ó ti wúwo tó, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí ó bá fi ọwọ́ kan gbà á, tí ó sì yíjú láti kí àlejò, emu ti dànù lójú gbogbo òǹwòran.