Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìtọ́jú Ara Ojoojúmọ́ Jẹ́ Lásìkò Ọ̀wọ́ngógó

Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 lọ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà kò ní ìlànà mọ́. Ẹni tó ń jáde nílé láago 7 ti ń jáde láago 5 kó tó rí ọkọ̀ tí apá òun ká. Irú àsìkò yìí gan-an ni ara nílò ìtọ́jú jù, ìgbà yìí náà sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ara ń da owó tí kò tó nù. Ó ń dunni, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í ná ni lówó púpọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a ṣáájú lọ rajà. Tíì tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá, àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀: kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó yẹn, ẹ fi ra ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja.

Ìkejì: bíbẹ̀rẹ̀ nǹkan márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹ mú ẹyọ kan.

Ìkẹta ni gbígbé ohun gbogbo ka orí aago, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ ó ní, “Láago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa rìn.” Lọ́jọ́ Ajé, gósílóò dá yín dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná dé, aṣọ wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì lọ̀. Ní Ọjọ́rú, ẹ wà lórí ìlà nílé epo. Nígbà tó bá fi di Ọjọ́bọ̀, ẹ ó ti gbà pé ọ̀lẹ ni yín. Irọ́ ni. Ibi tí ẹ gbé e kọ́ ni kò lágbára. Bí nǹkan kò bá fara rọ, aago ló máa ń kọ́kọ́ dà rú. Ohun tí kì í dà rú ni àwọn nǹkan tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, epo ì báà wọ́n, iná ì báà lọ: fífọ ẹnu, ìrun àsùbáà tàbí àdúrà òwúrọ̀, ìwẹ̀, títi ilẹ̀kùn lálẹ́. Ìdí irú nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ so ìṣe tuntun yín mọ́.

Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ní òun yóò máa lò ó “láàárọ̀” yóò gbàgbé. Ẹni tó ní “bí mo bá ti fọ ẹnu tán, kí n tó wọṣọ,” kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ́ ọn lára. Ẹ gbé e sí ibi tí ojú yóò ti rí i lásìkò yẹn. Kì í ṣe inú balùwẹ̀ o, ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ń ba oògùn jẹ́. Ẹ gbé e síbi tí aṣọ yín wà, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Ẹ fi bírò kọ orúkọ ọjọ́ sẹ́yìn ike oògùn náà, níbi hóró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ń mú ni tọ̀, òwúrọ̀ ló dára fún un, kí ìtọ̀ má máa jí yín lóru.

Ẹ má so ó mọ́ ohun tí kì í ṣe ojoojúmọ́. “Bí mo bá dé ọ́fíìsì” yóò já lọ́jọ́ Sátidé. “Lẹ́yìn ìròyìn” yóò já lálẹ́ tí iná bá lọ.

Ìrìn náà, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ó lè tọ́jọ́. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá pín in, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lójúmọ́ ni. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, 12 kí ẹ tó wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ẹsẹ̀ yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin.

Òmíràn ni kí a máa lo oògùn lónìí, kí a fo ọ̀la, kí páálí lè pẹ́. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni, ara kò sì ní kìlọ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Bí owó kò bá ká a, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn kí ó wá irú rẹ̀ kan náà láti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí iye tiwọn kéré. Ẹ wo orúkọ èròjà inú rẹ̀, iye mìlígíráàmù àti nọ́ńbà NAFDAC.

Àṣìṣe mìíràn ni yíyọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀, kí a wá fi magí mẹ́ta dípò rẹ̀. Iyọ̀ náà ló pọ̀ nínú magí! Gbogbo iyọ̀ àgbàlagbà kan lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan tó tẹ́jú, ti inú búrẹ́dì àti núdùsì sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi irú tí kò ní iyọ̀, edé, àlùbọ́sà àti ata mú ọbẹ̀ dùn, kí ẹ máa yọ magí ẹyọ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ará ilé yóò bu iyọ̀ wọ́n oúnjẹ lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ yóò sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ pa dátà nígbà tí ẹ bá ń ti ilẹ̀kùn.

Jẹnẹrétọ̀ ní kọ́rídọ̀ nítorí oorun: afẹ́fẹ́ carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ìta ni kó wà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Ó ku pípa gbogbo rẹ̀ tì nítorí ọjọ́ kan tí a fò. Ọjọ́ 21 tí wọ́n máa ń sọ pé ìṣe tuntun fi ń mọ́ni lára kò ní ìpìlẹ̀. Nínú ìwádìí University College London tó jáde lọ́dún 2010, níbi tí àwọn tó kópa ti so ìṣe tuntun mọ́ nǹkan bí oúnjẹ àárọ̀, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín. Ẹni tó yá jù lo 18, ìṣirò sì gbé ti ẹni tó pẹ́ jù dé 254. Fífo ọjọ́ kan kò da iṣẹ́ wọn nù. Bí ẹ bá gbàgbé oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, tí ẹ rántí kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ti ọjọ́ yẹn nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má lo méjì pọ̀.