Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Wá Olùtọ́jú Ọkàn Lọ?

Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú yóò sunkún, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ronú. Ìyẹn nìkan kò gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn, ìyẹn kaunsẹ́lọ̀ tàbí oníṣègùn ọpọlọ. Ohun tí ẹ óò máa ṣọ́ ni bí ìbànújẹ́ náà ṣe pẹ́ tó, àti àwọn nǹkan tí ẹ kò lè ṣe mọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní alaalẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí mélòó lẹ sùn? Ṣé ẹ jẹun? Iṣẹ́ wo lẹ pa tì? Ṣé nǹkan kan wù yín ṣe lónìí? Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn dókítà máa ń wò kí wọ́n tó pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní àìsàn. Ẹ má gbára lé orí lásán, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo kì í rántí ọjọ́ tó dára, ẹlòmíì sì wà tí kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin tí yóò ṣì máa sọ pé "kò le tó bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú PHQ-9, ìwé àyẹ̀wò tí àwọn dókítà fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, títí dé 3 bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Bí tiyín bá tó 10, ẹ lọ rí oníṣègùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí èrò ikú àti pípa ara ẹni lára. Bí ìdáhùn yín níbẹ̀ bá ju 0 lọ, ẹ lọ sọ ọ́, bí àpapọ̀ yín tilẹ̀ jẹ́ 4. Ẹni tó bá ti ń ro ọ̀nà tí yóò gbà pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì kó oògùn àti ohun tó mú bí ọ̀bẹ kúrò nítòsí rẹ̀.

Ìwé náà kò bèèrè gbogbo nǹkan o. Kò bi yín bóyá ọtí lẹ fi ń wá oorun, bóyá ọmọ ti ń sá fún ìbínú yín, tàbí bóyá àlá jàǹbá kan ṣì ń jí yín lóru lẹ́yìn tó ti lé ní oṣù kan. Èyíkéyìí nínú wọn tó ìdí láti lọ rí olùtọ́jú.

Ẹ ní kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí kí thyroid tó wà lọ́rùn má ṣiṣẹ́ dáadáa, lè rí bí ìrẹ̀wẹ̀sì gan-an. Oníṣègùn ọpọlọ lè kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ kaunsẹ́lọ̀, ìjókòó kan sì máa ń tó ìṣẹ́jú 45 sí 50.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé yín dání. "Inú mi kò dùn" kò sọ púpọ̀ fún wọn. "Láti oṣù méjì, n kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, mo sì ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta" ni kí ẹ wí. Bí ẹ bá jókòó bíi ìgbà mẹ́fà tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ sọ ọ́ fún olùtọ́jú náà lójú ara rẹ̀; ó lè yí ọwọ́ padà, tàbí kó júwe ẹlòmíì fún yín.