Ìgúnpá Ń Dun Ọmọ Tó Ń Ju Bésíbọ́ọ̀lù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń fi igi lù ú fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ti ń sọ pé apá inú ìgúnpá ọ̀tún ń dun òun. Mo fi àbóníkì ra á, ìrora náà lọ, ó sì tún padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ dá bọ́ọ̀lù jíjù dúró, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun, bí irú àwọn tó wà ní UCH. Eegun ọmọ ọdún 12 kò tíì gbó. Ní apá inú ìgúnpá, níbi tí eegun ti ń dàgbà, ó ṣì rọ̀, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sì fi agbára ju bọ́ọ̀lù ni iṣan máa ń fa ibẹ̀. Bí fífà náà bá pọ̀ ju ìsinmi lọ, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì lè ya. Àbóníkì lè mú kí ìrora fúyẹ́, ṣùgbọ́n fífúyẹ́ yẹn gan-an ló ń tan ọmọ padà sí pápá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá náà tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù mélòó ni ó yẹ kí ó máa jù lójúmọ́?

Ìdáhùn: Ìlànà Pitch Smart, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 láti dáàbò bo apá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù, fi 85 lójúmọ́ ṣe òpin fún ọmọ ọdún 11 sí 12. Òpin ni o, kì í ṣe iye tí à ń lépa. Ẹni tó bá ju 21 sí 35 yóò sinmi ọjọ́ kan, 36 sí 50 ọjọ́ méjì, 51 sí 65 ọjọ́ mẹ́ta, 66 sókè ọjọ́ mẹ́rin.

Ìbéèrè: Mo ń kà á. Kò ju 60 lọ rí, ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n sì ń gbá a. Kí ló dé tí ó ṣì ń dùn ún?

Ìdáhùn: 60 yẹn, ti inú eré nìkan ni, èyí tó jù láti fi múra sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ sinmi títí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò fi kọjá. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ń pè é láàárín ọ̀sẹ̀? Ṣé lẹ́yìn tó bá jù tán ni wọ́n tún ń fi í sẹ́yìn ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù láti máa gbà á? Ẹni tó ń gbà á ń jù ú padà ní gbogbo ìgbà, kò sì sí ẹni tó ń ka tirẹ̀. Ṣé ó wà lára àwọn tó ń sọ òkò lu máńgòrò? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Apá kan náà ni. Ẹ tún máa wo ọwọ́ rẹ̀ nínú eré: bí ìgúnpá bá ń wálẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bí kò tiẹ̀ tíì pé 40.

Ìbéèrè: Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ìgúnpá tí wọ́n ń pè ní Tommy John máa ń mú kí apá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1974, nígbà tí dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe é fún Tommy John, tó ń ju bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, iṣan tó so eegun ìgúnpá pọ̀, tó ti já, ló pààrọ̀, 1976 ni Tommy John sì tó padà sórí pápá.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni ọmọ mi lè padà?

Ìdáhùn: Nígbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i, tí ó sì lè na apá náà tán láìsí ìrora. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, jẹ́jẹ́. Ìlànà Pitch Smart kan náà ní kí ọmọ má ju bọ́ọ̀lù rárá fún oṣù mẹ́rin, ó kéré tán, lọ́dún. Níwọ̀n bí Ìbàdàn kò ti ní òtútù tí yóò lé e kúrò ní pápá, ẹ̀yin òbí ni yóò yan oṣù náà. Ní tèmi, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni, nígbà tí òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀.