Rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn: bí alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe ṣe lè kọ́ àròjinlẹ̀

Àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ náà ti dípẹtà débi pé ọwọ́ mi pọ́n nígbà tí mo dì í mú. Lọ́nà Ẹdẹ, ní Ilé-Ifẹ̀ ni, níbi kànga ẹ̀rọ tí èmi fúnra mi bójú tó nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. A parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a dá, owó sì tún ṣẹ́kù. Wọ́n yìn mí, inú mi dùn. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni mo gba ibẹ̀ kọjá tí mo bá táǹkì ní gbígbẹ, tí koríko ti bo ẹnu ẹ̀rọ ìpọnmi. Ìyá àgbà kan tó gbé garawa dání ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, pọ́ọ̀ǹpù ló jóná. A ò mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe.” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú.” Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n torí pé èmi alábòójútó ò bèèrè rẹ̀ rí.

Ká parí iṣẹ́ lásìkò, ká má ná ju owó tí wọ́n fún wa lọ, ojúṣe wa nìyẹn. Àròjinlẹ̀ ni ká mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, ká sì ti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí a bá ti kó irinṣẹ́ wa kúrò ní sáìtì. Ó ṣeé kọ́. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí.

Ẹ bi iṣẹ́ náà pé kí ló wá ṣe

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kàlẹ́ńdà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí yóò yí padà láyé ẹnì kan. Òfin kan ló dè é: orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. “A ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ” kò kúnjú ìwọ̀n. Ẹ wo èyí: “Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí kànga inú ilé bá ti gbẹ, ará àdúgbò yìí yóò máa rí omi pọn nítòsí, fún ọdún mẹ́wàá.”

Ẹ wo iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn kó dé. Ó dárúkọ oṣù kejì. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà. Inú ilẹ̀ rírà tó bo àpáta náà àti inú ibi tó ti sán ni omi ń sá pamọ́ sí. Kànga tí ẹ gbẹ́ nínú òjò oṣù kẹsàn-án lè tàn yín jẹ: omi á máa tú jáde lójú gbogbo èèyàn, á sì ti di ìtàn kí ọyẹ́ tó lọ. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì tún fa omi rẹ̀ wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Gbólóhùn náà tún dárúkọ ọdún mẹ́wàá. Pọ́ọ̀ǹpù wo ló ń lo ọdún mẹ́wàá láìbàjẹ́? Ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ká ní mo ti kọ ọ́ ṣáájú ni, n kì bá tí fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣògo.

Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn yín, ẹ lọ bá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, kí lẹ fẹ́ ká rí lọ́dún mẹ́ta òní?” Ìdáhùn rẹ̀ lè yí iṣẹ́ náà padà.

Ẹ wá ẹni tí yóò pàdánù

Gbogbo wa la máa ń ranti baálẹ̀, ẹgbẹ́ onílé àti ìyálọ́jà. Ta ló ń ranti mẹ́ruwà tó ń ti ọmọláńke kẹ́ẹ̀gì omi láti àárọ̀? Ọjọ́ tí kànga yín bá ṣí ni oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kejì tí mo ṣe, a lọ jókòó tì í kí a tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń mójú tó ẹ̀rọ ìpọnmi báyìí, tó ń gbowó kẹ́ẹ̀gì, tó sì ń gbé omi lọ fún àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde.

Ẹ sọ pé iṣẹ́ náà ti kú

Ní 2007, Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà kan nínú Harvard Business Review tó ti wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹni tó máa ṣe é jọ, títí dé bíríkìlà, awakọ̀ àti akọ̀wé owó. Ẹ sọ fún wọn pé: “Ọdún kan ti kọjá. Iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́ pátápátá. Kí ló bà á jẹ́?” Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kà á síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílẹ̀ wa, ohun méjì ló máa ń dí i lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹnì kan á pariwo pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” torí a kì í fẹnu ara wa pe ibi. Mo máa ń ní kí àgbà kan kọ́kọ́ gbàdúrà, tí wọ́n bá sì ti ṣàmín, màá ní kí wọ́n rò ó bí ẹni pé ìlú mìíràn ló ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n wá pè wá láti wádìí. Èkejì, ọmọdé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá. Nítorí náà ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ kà, kí ọ̀gá kẹ́yìn. Awakọ̀ ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ ló là mí lójú nígbà kan. Gbogbo ohun tó kọ sí bébà ni: “Ọkọ̀ yìí ò lè gba afárá yẹn.” Kò sí ẹnì kankan nínú àwa ẹnjinía tó ti lọ wo afárá náà.

Ẹ máa bèèrè pé “Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

Ẹ wo ọpọ́n ayò: ilé 12, ọmọ 48. Òpè á máa wo ilé tí yóò ti jẹ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀ta á ka ibi tí ọmọ ìgbẹ̀yìn máa bọ́ sí, á tún ka ohun tí ìyẹn máa ṣí sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ìpinnu ńlá kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ lo sólà dípò jẹnẹrétọ̀: owó epo kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Olè lè wá tú u. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí ẹ ń ta kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ lọ wo iṣẹ́ tó ti pẹ́

Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ rìn dé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. 1961 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ni kí wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ló ya ilé àwọn ẹ̀ka ọgbọ́n ọmọnìyàn. Ẹ dúró nísàlẹ̀, kí ẹ gbójú sókè: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bo fèrèsé kí oòrùn àti òjò má baà wọlé. Sharon ti rí ooru Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Iná ń lọ títí di òní, síbẹ̀ ìpinnu tí ẹnì kan ṣe lórí bébà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń ṣíji bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún wá iṣẹ́ kan tó ti bàjẹ́ ládùúgbò yín, kí ẹ ṣe ìwádìí kan náà sí i.

Fún ẹni tó ti ní PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe: nínú PDU 60 (òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ẹ fi ń sọ ìwé ẹ̀rí náà dọ̀tun) tí ẹ ó kó jọ láàárín ọdún mẹ́ta, ó kéré tán 8 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Business Acumen, ìyẹn òye ìṣòwò. Ẹ fi kọ́ ìṣirò owó. Ọ̀pọ̀ wa ò lè ka ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ tí a ń bá ṣiṣẹ́, àléébù ńlá sì ni.

Ẹ ní ìwé ìpinnu

Wákàtí kan lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ pa fóònù. Fún ìpinnu kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ pinnu, ìdí rẹ̀, ohun tí ẹ retí, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú tèmi, fún kànga kejì, mo kọ pé owó omi á tó ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo padà yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹwàá, owó náà kò tó ìdajì ohun tí mo retí. Mo lọ bi mẹ́ruwà wa. Ó nawọ́ sí ilé tó wà níwájú wa, níbi tí wọ́n to garawa mẹ́fà sí lábẹ́ páànù: láti oṣù kẹrin, omi òjò ni wọ́n ń gbè. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ ohun tí mo kọ, mo kọ “ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti wà nínú ìṣirò gbogbo kànga tí mo bójú tó láti ìgbà náà.