Bí òbí ṣe lè bá ọmọ wá ádímíṣọ̀n láìjẹ́ kí ilé gbóná

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní SS2 tàbí SS3, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Èmi ìyá ọlọ́jà ni, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, mi ò dé yunifásítì rí yàtọ̀ sí ìgbà tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ, ṣùgbọ́n mo ti bá ọmọ méjì sáré ádímíṣọ̀n, ìkẹta ń bọ̀ lọ́nà. Èyí àkọ́kọ́, ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé, èmi ni mo sì fà á kì í ṣe òun, mo máa sọ bó ṣe jẹ́.

Ohun tí ojú mi rí ni pé òbí ní iṣẹ́ tiẹ̀, ọmọ náà ní tiẹ̀. Tiwa ni ìwé ẹ̀rí, owó, àti kí ariwo má pọ̀ nílé. Kọ́ọ̀sì tó máa kà, pọ́sìwọ́ọ̀dù ẹ̀, ìwé kíkà, ti ọmọ nìyẹn. Mo ki ọwọ́ bọ tọmọ, ó bàjẹ́, mo tún gbé tèmi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ìyẹn náà bàjẹ́.

Orí orúkọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ò ní kọ orúkọ tí ẹ bá pè fún wọn, inú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n ti ń fà á. Tí orúkọ tó wà nínú NIN bá yàtọ̀ sí ti WAEC, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tàbí ọjọ́ ìbí ò bára mu, ẹ ti fowó ra wàhálà. Ẹ kó ìwé ìbí, NIN àti orúkọ tí ilé ìwé fi sílẹ̀ fún WAEC, ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọmọ mi kejì ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan tí ò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wò ó, àfi bá a ṣe rí i pé NIN fi SH kọ orúkọ ẹ̀, ilé ìwé sì fi S lásán kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni lẹ́nu wa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ tí orúkọ ẹ̀ ní Ṣ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. SS1 tàbí SS2 ló dáa kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, torí àtúnṣe NIN ń gba àkókò, ti ọjọ́ ìbí sì ń gbówó ju ti orúkọ lọ. Ẹ wo ọjọ́ orí náà, wọ́n ti ní ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 16 ò lè wọlé, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọmọ fo kíláàsì méjì, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó kan SIM. Nọ́ńbà kan ò lè ṣe fún ọmọ méjì lọ́dọ̀ JAMB, torí náà ẹ ra SIM tuntun fún ọmọ, kẹ́ ẹ fi NIN òun fúnra ẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi owó sí i. Láti orí nọ́ńbà yẹn ló ti máa tẹ lẹ́tà NIN, àlàfo, nọ́ńbà NIN ẹ̀ tó jẹ́ díjítì 11, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, wọ́n á fi profile code, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra fọ́ọ̀mù, ránṣẹ́ padà. SIM yìí ò gbọdọ̀ sọnù, kò gbọdọ̀ jẹ́ SIM tí àǹtí yá a, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti bàbá, torí ibẹ̀ ni gbogbo mẹ́sẹ́ìjì máa ń gbà wọlé títí dìgbà tó bá dé ilé ìwé.

Ímeèlì ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ mi kejì. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjà kún, mo fún un lówó pé kó lọ bá ọ̀gá kan tó ní business centre ládùúgbò wa kó bá a ṣe ímeèlì. Ọ̀gá ṣe é lóòótọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀ ni, pọ́sìwọ́ọ̀dù náà orí òun nìkan ló wà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, tó yẹ kí ọmọ wọ CAPS, ojú ewé JAMB tí ádímíṣọ̀n ń gbà jáde, lọ wo ádímíṣọ̀n, ímeèlì ò ṣí. Mo sáré dé ìsọ̀ ọ̀gá, píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n ló ti kó lọ. Mo tì ṣọ́ọ̀bù mi pa fún ọjọ́ mẹ́ta tí mò ń bá ọmọ rìn káàkiri kí wọ́n tó bá wa tún un ṣe, mo sunkún lórí ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ímeèlì ẹ̀ lórí fóònù níwájú yín, kí ẹ kọ pọ́sìwọ́ọ̀dù sínú ìwé onílà kan. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo nǹkan sí, profile code, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà WAEC, rìsíìtì tí ẹ bá gbà kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Inú àpótí tí mo ń kó aṣọ òkè mi sí ni tiwa máa ń wà.

Fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, CBT centre, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, èyí tí JAMB fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ lọ, wọ́n á ya fọ́tò ọmọ, wọ́n á gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lọ́dún 2025, ₦7,200 ni láìsí mock, ìyẹn ìdánwò ìdánrawò, ₦8,700 ni pẹ̀lú mock. Ẹ ṣe mock yẹn tí agbára yín bá ká a, pàápàá ọmọ tí kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì, ibi tí mo ti ṣẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń pe àkọ́bí mi ní nọ́ọ̀sì. Kọ́sítọ́mà tó bá yà ní ìsọ̀ mi, màá ní ẹ wá wo nọ́ọ̀sì mi. Kì í sọ nǹkan kan, á kàn máa rẹ́rìn-ín. JAMB àkọ́kọ́, Nursing ló fi ṣe first choice torí mo dúró tì í bíi sójà, máàkì ò gbé e. Lọ́dún kejì tó kù díẹ̀ kí fọ́ọ̀mù jáde, a jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ à ń ṣa ẹ̀gúsí, ó kàn sọ ọ́ láìgbójú sókè pé, "Màmi, mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rántí pé gbogbo Kérésì tí bàbá ẹ̀ bá ti fẹ́ pa adìyẹ, inú yàrá lọmọ yìí ń sá sí, á tan rédíò sókè kó má baà gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń rí i, ọgbọ́n ẹ̀ ò wọ̀ mí lórí. Mo ní kí ló wá fẹ́ kà? Ó ní kọ̀ǹpútà. Òun yìí náà ló ń bá gbogbo ìyá ọlọ́jà tún fóònù ṣe, tí wọ́n bá ti ní owó àwọn ò wọlé lórí app, òun ni wọ́n máa ń pè. Computer Science ló kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́dún yẹn, FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ níbí ní Àkúrẹ́, gbà á.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi ọmọ léèrè, ẹ má pè é sí pálọ̀ kí bàbá jókòó, kí ìyá jókòó, bíi pé kóòtù ni, kò ní sọ òótọ́. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ ló dáa, ibi tí ẹ ti ń jọ ṣa ẹ̀wà, ẹ bi í ní ẹ̀ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le. Àbúrò bàbá tó bá wá láti Èkó tó ní Petroleum Engineering lọmọ gbọ́dọ̀ kà, ẹ bu ẹran fún un, kó jẹ, kó máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọmọ ló ń ṣe English, mẹ́ta ló kù. Ẹnjiníà ń fẹ́ Maths, Physics àti Chemistry, dókítà àti nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Biology, Chemistry àti Physics, tí ẹ̀yọ kan bá ṣì, ọmọ lè gba 300 nínú 400 kó má rí kọ́ọ̀sì yẹn wọ̀. Kó wo brochure JAMB, ìwé tó to kọ́ọ̀sì àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì wọn, fúnra ẹ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilé ìwé ńkọ́, ẹ má wo orúkọ nìkan. FUTA tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà láti 1981, tẹkinọ́lọ́jì ni wọ́n ń ṣe, kò sí lọ́yà níbẹ̀ rárá, mo ti rí òbí tó ń bínú lórí ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà kó wo Adékúnlé Ajásìn ní Àkùngbá, ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ìlera wà ní UNIMED ní Oǹdó, Adéyẹmí tó wà ní Oǹdó kan náà ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, OAUSTECH wà ní Òkìtìpupa. Póòlì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tó wà ní Ilé-Olújì náà, ẹ má fojú di wọ́n, ọmọ tó bá ṣe ND, ìwé ẹ̀rí póòlì, dáadáa lè gba Direct Entry bọ́ sí 200 level, ìyẹn ọdún kejì ní yunifásítì. Èyí tọ́mọ bá fi ṣe first choice ló ṣe pàtàkì jù, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá kì í wo ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì. Àti pé ní ti ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan ni wọ́n fi ń mú 45 nínú 100, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, ọmọ Oǹdó tó bá fẹ́ FUTA ní àǹfààní ìyẹn, ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe bíi tẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ní ti ìwé kíkà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ dín iṣẹ́ ilé kù fún un, ẹ má rán an lọ lọ ata ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ra dátà tó máa fi ṣe past question. Ẹni tó bá ní òun ní expo, olè ni.

Ọjọ́ ìdánwò: ẹ tẹ slip, ìwé tó ń sọ ibi ìdánwò, jáde kí ọjọ́ tó pé, ẹ wo ibi tí sẹ́ńtà wà, ó lè má jẹ́ Àkúrẹ́ rárá. Ẹ lọ wo ojúlé ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Ìbéèrè 180 ni nínú wákàtí méjì, English 60, àwọn yòókù 40-40, fóònù àti aago ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dì í mú níta. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni kẹ́ ẹ fún un láàárọ̀ yẹn, nǹkan tí ikùn ẹ̀ mọ̀. Ẹ má wá fi ọjọ́ yẹn dán sàláàdì wò.

Rìsọ́ọ̀tì bá jáde tí kò dáa, ẹ gbé ọwọ́ yín sẹ́yìn ná. Ní May 2025, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ ò gba 200 nínú 400, gbogbo òbí ń bú àwọn ọmọ pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà bọ́ síta níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn wá fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, omijé bọ́ lójú ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tọ́rọ̀ kàn tún ìdánwò ṣe. Àwọn tí wọ́n ti na ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sùn, kó jẹun, ọ̀la lẹ máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí cut-off tí JAMB ń kéde tàn yín jẹ. Lọ́dún 2025, 150 ni wọ́n pè fún yunifásítì, ìyẹn kàn jẹ́ ibi tí ilé ìwé ò lè lọ sísàlẹ̀ ẹ̀ ni, kọ́ọ̀sì tó lérò máa ń béèrè jù ú lọ dáadáa. Post-UTME, àyẹ̀wò tí ilé ìwé fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, yàtọ̀ láti ilé ìwé sí ilé ìwé, ọmọ ni kó máa wo ojú ewé wọn lójoojúmọ́, kì í ṣe WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ òbí.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nìyí o. Tí WAEC bá jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sórí CAPS ní CBT centre. Ọmọ tí kò bá ṣe é, lójú ilé ìwé kò ní WAEC nìyẹn, bó gba A mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá wá fún un ní ádímíṣọ̀n, orí CAPS kan náà ló máa tẹ Accept, ẹ má jẹ́ kó fi ìwàǹwára tẹ Reject, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì. Ádímíṣọ̀n tí kò bá gba CAPS kọjá, JAMB ò mọ̀ ọ́n, ọmọ á kà á dé ìdajì kí wọ́n tó lé e.

Owó: acceptance fee, owó tí wọ́n ń san láti gba ádímíṣọ̀n, máa ń ní ọjọ́ tí á parí, ẹ ti yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọ kó tó dé. Owó ilé náà wà níbẹ̀, àwọn lándílọ́ọ̀dù Àpátapitì àti South Gate lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUTA kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí ọwọ́ ò bá ká a, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, wà láti 2024, ilé ìwé ni wọ́n ń san school fees fún tààrà, tí ọmọ bá béèrè owó oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù ni, kò sí èlé lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ni, ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹta mi wà ní SS2 báyìí. A ti ra SIM ẹ̀, ó ti ṣe ímeèlì ẹ̀ lójú mi, orúkọ ẹ̀ nínú NIN bá ti ilé ìwé mu. Ó ní òun fẹ́ ka Fisheries. Mo kàn ń ṣa ẹ̀gúsí mi lọ.