Bí A Ṣe Ń Fọ Owó Ẹyọ Àtijọ́ Láìbà Á Jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Ọ̀yọ́, owó ẹyọ àwọn baba ńlá wa ṣì wà nínú àpótí, eruku sì ti bò ó. Ìkarahun ìgbín kékeré inú òkun ni, ohun tí ó sì para pọ̀ di í kò yàtọ̀ sí ti èèpo ẹyin, nítorí náà ohun kíkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ ẹnu rẹ̀ tó ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Mo fi í fọ ọ̀kan lára ti ìyá mi àgbà rí. Ó hó bí ọṣẹ, dídán rẹ̀ sì lọ pátápátá. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé orí aṣọ níbi ibòòji kí omi inú rẹ̀ lè ro jáde. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti lu, ẹ fi òwú tó yi sín in ní 40 sórí okùn kan bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Okùn 50 ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000.