Bí A Ṣe Dá Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Wa Sílẹ̀ ní New Jersey

"Ẹgbẹ́ wo?" Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ sọ lórí fóònù nìyẹn, ohùn wọn sì ti yí padà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé èmi àti àwọn obìnrin mẹ́fà fẹ́ dá ẹ̀ka sorority, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pe ara wọn ní sístà, sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ wa ni. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Ifẹ̀ lóṣù Keje ọdún 1999, ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ni màmá mi wà, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lo àmì, tó ń pe ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀ ní sístà, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò ó.

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ṣèlérí pé ìwé yòówù tí mo bá fẹ́ fọwọ́ sí, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kà á.

Àwọn ẹgbẹ́ báyìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1908 ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá Alpha Kappa Alpha sílẹ̀ ní Howard University. Ní 1975, àwọn obìnrin ọmọ Látìn Amẹ́ríkà dá Lambda Theta Alpha sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ gíga Kean. Mu Sigma Upsilon, tó ṣíwájú nínú àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún obìnrin oríṣiríṣi ẹ̀yà, bẹ̀rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ gíga Rutgers ní 1981, nínú New Jersey wa níbí. Irú ìyẹn ni àwa náà ń wá. Nínú àwa méje, ọ̀kan wá láti Haiti, méjì láti Dominican Republic, ọ̀kan láti Philippines, ọ̀kan láti Íńdíà, òyìnbó kan, àti èmi ọmọ Yorùbá. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ àlejò nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀.

A kọ̀wé sí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí a yàn. Wọn kì í fún èèyàn lórúkọ lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà béèrè òfin ẹgbẹ́, olùdámọ̀ràn kan láàárín àwọn olùkọ́, máàkì tó dára, àti àlàyé bí a ó ṣe máa ná owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá fọ́ọ̀mù wa padà, nítorí ohun tí a máa ṣe ló kún inú rẹ̀, kò sí èyí tí a ti ṣe.

Bí a ṣe gba ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó wà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ nìyẹn, gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ebi ń pa àwọn tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì. Wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á gba àpò tí a ti di sílẹ̀, wọ́n á yára jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Dominican ló ní ká má di àpò mọ́, ká to nǹkan sórí pákó bíi ti ṣọ́ọ̀bù, kí kálukú mú ohun tó mọ̀ ọ́n sè. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró ló máa ń kọ́kọ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn ti ń dúró bá wa sọ̀rọ̀. Mo ń kọ wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn la so mọ́ fọ́ọ̀mù kẹta, wọ́n sì gbà á.

Apá tó jẹ mí lógún jù nínú òfin wa ni ti àwọn tó ń bọ̀ wá wọlé. New Jersey ti mú òfin le sí i ní 2021: ẹni tó bá fi ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi lè ṣẹ̀wọ̀n. Mo fi tiwa ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìpàdé lóru, àti pé òbí tó bá béèrè ibi tọ́mọ òun wà gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì." Mo gbé e síwájú àwọn yòókù. Ọmọ Íńdíà náà ní ohun tí ìyá òun náà máa sọ gan-an nìyẹn. Ó wà nínú òfin wa títí dòní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé àṣẹ fún wa, màmá mi wò ó lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ṣé ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ máa tó wọn lónìí?"